Ẹ Ṣí Yàrá Kọ̀ǹpútà Sílẹ̀ fún Ọmọ Tálákà

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí ọ̀rọ̀ mi tó gùn. Bí ọmọ yín bá mọ̀wé dáadáa, tó mọ ìṣirò, tó mọ Gẹ̀ẹ́sì, tó wá kùnà nínú ìdánwò nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń di máòsì kọ̀ǹpútà mú, ẹ̀bi ta ni? Ṣé ẹ̀bi ọmọ náà ni? Ṣé ẹ̀bi olùkọ́ rẹ̀ ni? Àbí ẹ̀bi àwa tí a ní kọ̀ǹpútà nílé, ní ọ́fíìsì àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a fi aṣọ bò ó, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Kì í ṣe àlọ́ ni mo ń pa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sin ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa lọ síbi ìdánwò JAMB. Ẹ̀wà sísè ni ìyá rẹ̀ ń tà, kò sì lè fi ọjà sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló bá bẹ̀ mí pé kí n bá òun mú un lọ. Ọmọ yìí mọ̀wé. Òun ni àwọn ọmọ ilé yòókù máa ń sá tọ̀ bí iṣẹ́ àṣetiléwá wọn bá le. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní, “Ṣé ìbéèrè le ni?” Ó ní, “Rárá, Mọ́mì. Mo mọ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Eku yẹn ni kò gbọ́ tèmi.”

Ó ní bí òun bá tì í díẹ̀, ọfà ojú ẹ̀rọ á sá lọ sí igun kan. Bí òun bá fà á padà, á ré ibi tí òun ń fẹ́ kọjá. Nígbà tí òun bá fi máa rí ìdáhùn kan tẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ti dáhùn mẹ́rin, márùn-ún. Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan máòsì láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Máàkì tó gbà kò tó èyí tí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ń bèèrè. Ọdún kan gbáko ló tún fi jókòó sílé, tó ń bá ìyá rẹ̀ bu ẹ̀wà.

Mo ronú lé ọ̀rọ̀ náà títí. Ìdánwò tó yẹ kó wo ohun tó wà lórí ọmọ ti di ìdánwò tó ń wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti fọwọ́ kàn rí. Ọmọ olówó tí kọ̀ǹpútà wà ní pálọ̀ wọn kò mọ̀ pé òun ní àǹfààní kankan. Ọmọ tálákà ló mọ̀ pé òun kò ní in, ọjọ́ ìdánwò ló sì ń mọ̀ ọ́n. Ìrẹ́jẹ ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnì kan tó jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìwé àti pẹ́ńsù ti kúrò níbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe JAMB láyé àtijọ́, ẹ ó rántí pẹ́ńsù HB àti ìwé ìdáhùn tí à ń kùn ní dúdú. Láti 1978 tí ìjọba ti dá JAMB sílẹ̀, ìwé là ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe é fún àwọn kan. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti di ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ pátá láti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà ní 2024 fún àwọn tó ń fúnra wọn forúkọ sílẹ̀ láìsí nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà tí ayé ń gbà lọ nìyẹn, n kò sì rò pé yóò padà sẹ́yìn.

Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 180 ni ọmọ máa dáhùn láàárín wákàtí 2. Gẹ̀ẹ́sì kó 60, iṣẹ́ mẹ́ta yòókù sì kó 40, 40. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: àti kíkà rẹ̀, àti ríronú sí i, àti títẹ ìdáhùn. Bí ọmọ bá fi ìṣẹ́jú àáyá 20 wá ọfà kiri ojú ẹ̀rọ, ìdajì àkókò rẹ̀ ti bá eku lọ.

JAMB fúnra wọn mọ̀ pé ìṣòro yìí wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kéde ní 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede jẹ́ olórí wọn, pé ọmọ lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ ṣe gbogbo ìdánwò náà láìfọwọ́ kan máòsì rárá. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín lónìí. A, B, C àti D ni wọ́n fi ń mú ìdáhùn. N ni wọ́n fi ń lọ sí ìbéèrè tó kàn, P ni wọ́n fi ń padà sí èyí tó ṣíwájú. S ni wọ́n fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti parí. R ni wọ́n fi ń dá a padà bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ S.

Ọ̀nà àbáyọ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó pẹ̀lú ojú ọmọ tí kò rí kíbọ́ọ̀dù rí. Ó ti mọ A, B, D láti kékeré, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tò ó síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ òkè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, W, E, R, T, Y. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ taipuráítà ní Amẹ́ríkà ló tò ó bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí 1874 tí wọ́n ti ń tà á lọ́jà, a ò sì tíì yí i padà títí dòní. A wà ní apá òsì àárín, B àti C wà nísàlẹ̀, P wà lókè lápá ọ̀tún pátápátá. Èyí tó wá burú jù ni S. Ẹ lọ wò ó: àárín A àti D gan-an ló wà! Ọmọ tó ń gbọ̀n, tó fẹ́ tẹ A tàbí D, ìka rẹ̀ lè bọ́ sórí S, ohun tó ń tẹ̀ sì ni pé òun ti parí. Bí kò bá mọ iṣẹ́ R, ẹkún ló kù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la fi lè kọ́ ọmọ ní nǹkan mẹ́jọ yìí. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ ní kíbọ́ọ̀dù níwájú rẹ̀ ká tó lè kọ́ ọ.

N kò sọ pé gbogbo ọmọ tó kùnà, máòsì ló fà á. Àwọn kan kò kàwé. Nígbà mìíràn sì rèé, ẹ̀rọ ló máa ń ṣàṣìṣe. Ní 2025, JAMB jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì ìdánwò jẹ́ ní ibùdó 157, ó sì kan ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ àwọn Ìgbò. Ariwo ta, ìwé ìròyìn gbé e, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn rí ẹni gbèjà wọn. Ta ni yóò wá gbèjà ọmọ tí ẹ̀rọ tirẹ̀ dára, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n lò? Ìwé ìròyìn kankan kì í gbé tiẹ̀. Wọ́n á kàn ní kò mọ̀wé.

“Ọmọ mi mọ fóònù lò”

Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn òbí máa ń dá mi lóhùn pé, “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kẹ̀? Wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù!” Òótọ́ ni pé wọ́n ń tẹ fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, ohun tí ọmọ fẹ́ ni ìka rẹ̀ ń fọwọ́ kàn tààrà. Àtàǹpàkò méjì ló fi ń kọ̀wé, ẹ̀rọ sì ń bá a parí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, orí tábìlì ni ọwọ́ wà, ojú ẹ̀rọ ni ojú wà, ọfà kékeré kan ló sì ń jíṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ọwọ́ ń lọ síwájú, ọfà ń lọ sókè. Ẹni tí kò bá ṣe é rí, ó máa ń dà bí ẹni tó ń wo inú dígí tó fẹ́ fi abẹ gé irun ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíbọ́ọ̀dù. Mo ti rí ọmọ tó lè fi àtàǹpàkò kọ lẹ́tà gígùn lórí fóònù kó tó mu omi tán. Nígbà tó dé iwájú kíbọ́ọ̀dù, ìka kan ṣoṣo ló nà jáde, ó ń wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Kò ya òpònú. Kò ṣe é rí ni.

Ọwọ́ ló ń kọ́ iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká ránti bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, kò sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ọmọ ní aṣọ híhun. Ìdí òfì ni ọmọ ń jókòó sí. Á fi ọwọ́ ju ọ̀kọ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀, okùn á já, á so ó, á tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá pẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa dá ṣe é, ẹnu á sì máa sọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin aránṣọ tí ẹ wà láàárín wa, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń padà sẹ́yìn tó ń já òwú? Ta ló ń padà sẹ́yìn mọ́ nínú yín lónìí?

Iṣẹ́ ọwọ́ ni máòsì àti kíbọ́ọ̀dù. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ rárá. Ẹnu dùn ún rò ẹ̀fọ́. A lè ka àkàwé kọ̀ǹpútà nínú ìwé fún ọdún mẹ́ta, kí ọwọ́ wa ṣì máa gbọ̀n lọ́jọ́ tí a bá dé iwájú rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ìyà yìí wà. Ní Gánà, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Richard Appiah Akoto, ní ìlú Sekyedomase. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánwò ìjọba nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kò sì sí fún wọn nílé ẹ̀kọ́. Kí ni olùkọ́ yìí ṣe? Ó mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì ya ojú ẹ̀rọ Microsoft Word sára pátákó, tòun ti gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ní 2018, àwòrán pátákó náà yí gbogbo ayé ká. Microsoft pè é lọ sí Singapore, àwọn èèyàn sì fi kọ̀ǹpútà ta ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ.

Mo yìn olùkọ́ náà. Akínkanjú ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ilé ẹ̀kọ́ mélòó ló wà ní àyíká wa tí olùkọ́ ń ya kọ̀ǹpútà sára pátákó, tí kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀? Ọmọ kò lè tẹ ṣọ́ọ̀kì kí ilẹ̀kùn ṣí.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn kan lè ní àwọn fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́, àmọ́ àwọn kì í ṣe olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ má fòyà. Ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nílò kò pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máòsì. Ẹ ṣàlàyé orúkọ rẹ̀ fún àwọn àgbà, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, kí ara wọn lè balẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Douglas Engelbart àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1964. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ àpótí rẹ̀, okùn kan sì ń jáde lára rẹ̀ bí ìrù, ni wọ́n bá ń pè é ní eku. Kí ọwọ́ sinmi lé e lórí bí ìgbà tí a gbé ọwọ́ lé orí ọmọdé. Kí a má fún un. Ìka ìfábẹ̀lá wà lórí bọ́tìnnì òsì, ìka àárín wà lórí ti ọ̀tún. Bí a bá tẹ ti òsì lẹ́ẹ̀kan, a mú nǹkan. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíá, a ṣí i. Ti ọ̀tún ń fi ohun tí a tún lè ṣe hàn wá.

Ohun kan wà tí àwa tí a ti mọ̀ ọ́n máa ń gbàgbé láti sọ. Bí máòsì bá dé etí tábìlì, tí ọfà kò sì tíì dé ibi tí à ń lọ, ẹ gbé e sókè, ẹ dá a padà sáàárín tábìlì, kí ẹ máa tì í lọ. Ọfà kò ní kúrò níbi tó wà. Mo ti rí bàbá àgbàlagbà kan tó na apá rẹ̀ títí tó fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un. Ojú ẹ̀rọ ni kí ojú wà, kí a má wo ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi eré kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé inú máa bí àwọn kan bí wọ́n bá rí ọmọ tó ń ta káàdì lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì. Sùúrù o! Láti 1990 ni eré káàdì kan tó ń jẹ́ Solitaire ti wà nínú Windows. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí tẹ́tẹ́. Tẹ káàdì, dì í mú, fà á lọ, jù ú sílẹ̀: ohun gbogbo tí ọwọ́ ní láti mọ̀ nípa máòsì ló wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ta á fún wákàtí kan lójoojúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọfà kò ní sá mọ́ ọn lọ́wọ́ mọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ káàdì, eré àwòrán yíyà náà wà níbẹ̀.

Ó wá kan kíbọ́ọ̀dù. Ẹ ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ìka wá lẹ́tà F àti J. Èéfà kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì, wọ́n fi síbẹ̀ kí ìka ìfábẹ̀lá lè mọ ilé rẹ̀ láìwò ó. Láti ibẹ̀ ni ìka yòókù ti ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mọ Enter, kí wọ́n mọ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ tó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n mọ Shift tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Kí wọ́n mọ Caps Lock pẹ̀lú, nítorí bó bá wà ní títẹ̀, páásìwọ́ọ̀dù kò ní wọlé, wọ́n á sì rò pé ẹnì kan ti jí i. Kí wọ́n mọ Backspace tó ń pa ohun tó wà lẹ́yìn rẹ́. Kí wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n bá di Ctrl mú, tí wọ́n tẹ Z, àṣìṣe tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe á padà bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ìdáríjì wà, ẹ̀rù kì í bà á láti gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni orúkọ ara wọn. Bí wọ́n bá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ wà?” kí ẹ sọ fún wọn pé àwọn tó ṣe kíbọ́ọ̀dù kò rò ó mọ́ wa, àmọ́ Windows ní ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí a lè tan sílẹ̀. Ọmọ tó bá rí orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré á mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kì í ṣe ti àlejò.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é”

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin àgbà náà o. Ní ọjọ́ kan, mo lọ sí kàfé láti forúkọ sílẹ̀ fún nǹkan kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.” Inú mi dùn. Ó ṣí ímeèlì fún mi, òun ló mú páásìwọ́ọ̀dù tó wù ú, òun náà ló kọ ọjọ́ ìbí mi. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Nígbà tí mo tún nílò rẹ̀, ọmọkùnrin náà ti kó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ímeèlì mi bá a lọ. Ọjọ́ ìbí tó kọ, ọdún méjì ló fi yàtọ̀ sí tèmi. Ìyà tó jẹ mí kí n tó tún un ṣe, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

N kò sọ pé olè ni. Kíá ló fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti kọ́kọ́rọ́ ilé mi lé ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀, nítorí pé ojú ń tì mí láti fọwọ́ kan máòsì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọ yín wá ilé ẹ̀kọ́, orí ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà báyìí. Ẹni tí kò bá lè ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kó sì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ni yóò máa di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ayé, yóò sì máa sanwó fún un.

Nítorí náà, òfin kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ pa mọ́ bí ẹ bá ń kọ́ ẹnikẹ́ni: olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan máòsì. Kí ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnu ni kí ó fi sọ ọ́. Bí ẹni tó ń kọ́ bá ń pẹ́, kí ó pẹ́. Ìgbà tí a bá gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti di tiwa nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Àwáwí tí a máa ń ṣe

Àwọn kan máa ń ní, “Wọ́n á bà á jẹ́.” Kí ni wọ́n á bà jẹ́? Máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ni ohun tó pọ́ọ́kú jù lára kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tí a fi aṣọ bò náà ń bàjẹ́, eruku ń jẹ ẹ́, ọjọ́ sì ń lọ lórí rẹ̀.

Àwọn kan ní, “Iná kò sí.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí à ń tàn fún gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìpàdé adúrà, ṣé kò lè gbé kọ̀ǹpútà méjì fún wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀? Bí a bá sì ní kọ̀ǹpútà alágbèéká, bátìrì rẹ̀ á gbé e fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Èyí sì dá àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọmọ á wo ohun tí kò dára lóhùn pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní, “Ó ti pẹ́ jù fún wa.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n kọ́ ìyá rẹ̀ ní máòsì, kí ìyá náà kọ́ ọ ní bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tó ní ìtumọ̀. Kò sí ẹni tó máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ jù níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Púpọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kọ̀ǹpútà. Ìwé ètò ìsìn là ń fi tẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó di Sátidé mìíràn ká tó tún tàn án. Ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà ló fi ń sùn. Mo bẹ ẹ̀yin olórí ìjọ: ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ̀ ọ́n jókòó ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kí a kọ orúkọ sílẹ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì wákàtí tirẹ̀. Kí a má bèèrè bóyá ọmọ ìjọ wa ni tàbí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, nítorí JAMB kò bèèrè ìyẹn. Kí a sì ṣọ́ ọ kó má jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ló máa jókòó síwájú ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọbìnrin á máa dúró lẹ́yìn wọn tí wọ́n á máa wòran. Ọmọ tó ní iṣẹ́ ilé àti ọjà lọ́rùn ni kí a fún láyè ṣáájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà tó ti gbó nílé, èyí tí àwọn ọmọ yín ní kò yára mọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra panti. Kò yára fún iṣẹ́ tiyín, àmọ́ ó yára tó fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ bí ọfà ṣe ń rìn.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti kọ́ ilé púpọ̀. A ti gbé àga tuntun wọlé, a ti ra gbohùngbohùn tuntun. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ náà báyìí.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹlẹ́wà já sí. Kí ó tó di ìdánwò ọdún kejì, ẹnì kan nínú wa ní kí ó máa wá sí ọ́fíìsì òun bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ìdajì wákàtí ni lójoojúmọ́, fún nǹkan bí oṣù kan. Kò sẹ́ni tó tún kọ́ ọ ní ìṣirò, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì; ó ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jáde lọ́jọ́ ìdánwò, mi ò tíì bi í ní nǹkan kan tó fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mọ́mì, mo parí, àkókò ṣì kù!” Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́dún náà.

Oṣù kan péré, àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan. Ẹ̀yin ará, lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀dọ̀ yín wà? Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Kí Olúwa jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣí, kí ti àwọn ọmọ wa náà lè mọ̀ ọ́n ṣe.